Èsì lórí "design": ọnà ńkọ́? Àti ọ̀rọ̀ owó tó tọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí mo ń di ẹnu mi mú, torí mo mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, yóò gùn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè ń túmọ̀ ìwé kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa ṣe ohun èlò ìgbàlódé tí ará ilé ń rà lò, irú bíi fóònù, iná sólà àti aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló há wọn lọ́fun: "innovation", "design" àti "fair remuneration". Wọ́n dábàá ìmúdọ̀tun, àwòrán ìṣẹ̀dá àti owó òdodo. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìpẹru ní àtinúdá àti ìrísí ló dáa jù. Ẹ̀gbọ́n tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣàgámù ní kí a fi dísáìnì sílẹ̀ bó ṣe wà, pé bí òun bá pe nǹkan mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á rò pé owó lòun fẹ́ fi lé e.

Mo rẹ́rìn-ín títí sí ti ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Orúkọ tí wọ́n bá pe iṣẹ́ ẹni ni wọ́n máa fi díwọ̀n owó rẹ̀.

Ojú mi ló ṣe. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ro bí ohun èlò yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe gba ọwọ́. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan ní kí n bá àwọn ro iná sólà alágbèéká: ibi tí bọ́tìnnì yóò wà kí àgbàlagbà má baà máa wá a kiri nínú òkùnkùn, ìkọ́ tí ẹni tó ń tajà lálẹ́ yóò fi gbé e kọ́ sára àtíbàbà, ìsàlẹ̀ tó gbòòrò kí afẹ́fẹ́ má baà bì í ṣubú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Nínú ìwé àdéhùn, "owó àwòrán" ni wọ́n kọ. Mo fọwọ́ sí i, mo gba owó mi. Kò pé ọdún kan tí mo fi rí iná náà lórí àtẹ ní gáréèjì Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó pọ̀ bí ẹ̀pà. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn ò ju ìlà méjì lọ: àwòrán la rà lọ́wọ́ rẹ, a sì ti san owó àwòrán. Wọn ò purọ́.

Torí náà, àǹtí, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ àwòrán kúrò. Àwòrán ni ohun tí a ń wò. Fọ́tò náà àwòrán ni. Ìrísí tún burú jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n Ìpẹru, ẹ má bínú. Ìrísí kì í ní oníṣẹ́. Òkúta ní ìrísí, ìkuùkù ní ìrísí, ẹnikẹ́ni ò jókòó dòru nítorí wọn. Bí a bá pe iṣẹ́ mi ní ìrísí iná, ó di pé bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń rí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ti wà nílẹ̀ yìí pẹ́. Ọnà. Àwa Ìjẹ̀bú ló sì yẹ ká kọ́kọ́ rántí rẹ̀. Aṣọ tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé nàró, tí àwọn àgbà Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń fi ṣe ìtàgbé sí èjìká, tó ní ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì lára, tí ṣakí rẹ̀ yọ sókè bí inú màlúù, aṣọ ọlọ́nà ni wọ́n ń pè é. Ta ló pè é ní aṣọ aláwòrán rí? Ẹ tún wo orúkọ ìdílé yí wa ká: Ọnàbánjọ, tí yunifásítì tó wà lẹ́nu ọ̀nà àǹtí ń jẹ́, Ọnàbọlú, bíi Aina Onabolu ayàwòrán, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Ọnàfowókàn sì wà. Àwọn ará ilé náà lè ní ìtumọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n létí tèmi, ọnà àti owó ló fara kanra nínú orúkọ yẹn.

Ìyá ìyá mi hun díẹ̀ nínú aṣọ yẹn. Ohun tí mo rántí nípa wọn ni bí wọ́n ṣe ń dá iye lé iṣẹ́. Bí oníbàárà bá gbé òwú wá, wọ́n á gba owó hihun. Bó bá wá ní òun fẹ́ ọnà tí ẹnìkan ò tíì rí lára aṣọ rí, wọ́n á ní, "Ti ọnà lọ́tọ̀ o." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, wọn ò ní gbójú sókè kúrò lórí òwú. Ọdún mélòó kí n tó fọwọ́ sí "owó àwòrán" ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí!

Òfin náà kò jìnnà sí i. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1970 lórí ìhùmọ̀ (ohun tuntun tí ẹnì kan kọ́kọ́ dá) àti ọnà sọ pé àkójọ ìlà tàbí àwọ̀, tàbí ohun tó dúró ní gígùn, ìbú àti gíga, jẹ́ ọnà ilé iṣẹ́ bí ẹni tó dá a bá fẹ́ kí wọ́n máa wò ó ṣe púpọ̀ nílé iṣẹ́, tí kì í bá ṣe kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ nìkan ló mú un rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ "wò ó ṣe" yẹn? Àwòṣe ti jáde láìlágùn. Ẹ jẹ́ kí àwòṣe dúró fún èyí àkọ́kọ́ tí a gbẹ́ tàbí tí a tẹ̀, kí ọnà jẹ́ ìrònú tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ ọnà sílẹ̀ á ní ẹ̀tọ́ sí i fún ọdún márùn-ún, ó sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ti ìhùmọ̀ jẹ́ 20 ọdún.

Ìyẹn mú mi dé "innovation". Ìmúdọ̀tun ń rùn bí ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì sí mi. Bí mo bá rí i lára ògiri, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa wá lábẹ́ rẹ̀. Àtinúdá dára, àmọ́ ìwà èèyàn ló ń júwe, kì í ṣe ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Mo fara mọ́ àrà. Ìhùmọ̀ ni ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àrà ni kí o mú ohun tó wà, kí o fi dá ohun tí ará ayé á dúró wò. Ní 1979, Kane Kramer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ẹ̀rọ orin kékeré tí kò lo kásẹ́ẹ̀tì. Owó tí yóò fi sọ ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀ ("patent") dọ̀tun kò sí, ẹ̀tọ́ náà sì bọ́ ní 1988. Apple gbé iPod jáde ní 2001, nígbà tí ẹ̀rọ orin bẹ́ẹ̀ ti wà lórí àtẹ. Ìhùmọ̀ wà lọ́wọ́ Kramer, àrà wà lọ́wọ́ Apple. Nígbà tí ilé iṣẹ́ mìíràn sì pe Apple lẹ́jọ́, Kramer ni Apple pè wá jẹ́rìí.

Ó wá ku owó. Owó òdodo kò lè ṣe é: èmi gbọ́ ọ bí owó tí kì í ṣe ayédèrú. Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀, àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà, ń ṣe fún wa: owó tó tó, owó tó tọ́. Shuji Nakamura ṣe iná LED búlúù tó mọ́lẹ̀ gan-an fún ilé iṣẹ́ Nichia ní Jàpáánì. Láìsí búlúù yẹn, tọ́ọ̀ṣì funfun tó wà lẹ́yìn fóònù yín kò ní sí. Owó tí wọ́n fi dá a lọ́lá lórí ìhùmọ̀ náà jẹ́ 20,000 yen. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2004, ilé ẹjọ́ ní Tokyo ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 20 yen, kí wọ́n tó fẹnu kò sí nǹkan bí mílíọ̀nù 840 ní 2005. Ó ń gba owó oṣù lọ́tọ̀, ẹnì kan lè ní 20,000 yẹn tó. Ta ni yóò ní ó tọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni Ian Shanks, tó ṣe ohun ìyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ Unilever ní 1982. Ìgbà tó di 2019 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n fún un ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn, pé ìpín tó tọ́ sí i nìyẹn.

Òfin tiwa náà ní ibì kan tó sọ ọ́: bí ìhùmọ̀ òṣìṣẹ́ bá ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, agbanisíṣẹ́ ló ni ín, ṣùgbọ́n kí ó san owó tó tọ́ fún un, níwọ̀n owó oṣù rẹ̀ àti níwọ̀n bí ìhùmọ̀ náà ṣe pàtàkì tó. Àwa agbàṣe kò sí nínú ààyè yẹn. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn wa ni tiwa, ìdí tí mo fi ń fọn bí fèrè lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn.

Àbá mi: owó iṣẹ́ fún èyí tí a gbà lẹ́ẹ̀kan, owó ọnà fún èyí tó ń wọlé níwọ̀n bí ọjà bá ṣe tà. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Lórí fóònù, tí a kì í fi àmì sí, "owo ona" lè di owó tí wọ́n ń gbà lójú títì. Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, ẹ bá mi kọ ọ́ báyẹn láìlámì, kí ẹ fi han àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ní owó mọ́tò ni, mo gbà, kí àǹtí kọ ẹ̀tọ́ ọnà síbẹ̀. Àwòrán nìkan ni n kò ní gbà.