Ta ló ti kọ ìdáhùn crossword sílẹ̀ rí, tí kò lè ṣàlàyé bó ṣe dé ibẹ̀? Ẹ wá sọ tiyín

Lẹ́tà Márùn-ún

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Kí n tó gbọ́ tiyín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú tèmi síta.

Crossword kan, eré tí èèyàn ti ń kọ lẹ́tà ìdáhùn sínú àpótí tó dábùú ara wọn, ni mo jókòó tì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, irú èyí tí olobó rẹ̀, ìyẹn gbólóhùn tó ń tọ́ni sí ìdáhùn, máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é mọ̀ pé olobó kọ̀ọ̀kan máa ń ní apá méjì: apá kan ń sọ ìtumọ̀ ìdáhùn, apá kejì ń fi lẹ́tà ṣeré, tiwa ni ká wá ojú ibi tí wọ́n ti rán méjèèjì pọ̀. Èyí tí mo ń wí yìí tún ní ìkà tirẹ̀. "Nowhere" ni àkọlé rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé ìdáhùn mẹ́jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, pé olobó àwọn mẹ́jọ náà kò ní ìtumọ̀ nínú rárá, eré lẹ́tà lásán ni. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ńkọ́? Wọn ò sọ.

Èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni "Some agreed entry (4)"; iye lẹ́tà ìdáhùn ni nọ́ńbà inú àkámọ́ yẹn. "Some" ní ká gé díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo mú ìparí "agreed", mo mú ìbẹ̀rẹ̀ "entry", EDEN ló ń wò mí lójú yẹn. Mo ní ó tán, ọgbà ni wọ́n ń wá. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń to orúkọ ọgbà jọ, títí kan Gẹtisémánì. Kò sí ọ̀kan tó wọlé.

"Old road winding after East (2,6)" ló là mí lójú. "Winding" ní kí n da OLD ROAD rú, "East" fún mi ní E tó máa ṣáájú: EL DORADO. Ìlú oníwúrà tí àwọn ará Sípéènì wá káàkiri Gúúsù Amẹ́ríkà títí tó fi sú wọn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ibi tí ayé ti dùn tán ni gbogbo wọn, ibi táwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tẹ̀.

Ibi tí ìtìjú wà rè é. Olobó kan tó ń lọ láti òkè sísàlẹ̀ sọ pé "Nowhere upset (7)". Lẹ́tà méje ni NOWHERE. Nínú olobó tó ń lọ sísàlẹ̀, "upset" sábà máa ń ní ká dojú ọ̀rọ̀ dé. Mo dojú ẹ̀ dé, ó di EREHWON. Mo sì rántí fìrìfìrì pé ìwé àtijọ́ kan ń jẹ́ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Bíírò ni mo fi kọ ọ́. Bíírò, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ọjọ́ mẹ́rin ni igun ìsàlẹ̀ fi tì pa. EREHWON tí mo kọ ti fi W sí ipò lẹ́tà kejì nínú ìdáhùn kan tó gba ibẹ̀ kọjá, olobó ìyẹn sì ni "Liar hangs out (7-2)". Ojú "out" jọ ojú ìdàrú lẹ́tà, lẹ́tà LIAR HANGS náà sì pé mẹ́sàn-án géérégé. Ṣùgbọ́n W ò sí níbẹ̀. Kàkà kí n fura sí W mi, àwọn lẹ́tà wọn ni mo fura sí. Mo ń wá òpùrọ́ tó ń gbé ní ibì kan tí orúkọ rẹ̀ ní W lẹ́tà kejì, mo ń yẹ máàpù wò.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo tó lọ wo orúkọ ìwé yẹn. EREWHON ni Samuel Butler pè é ní 1872. Kò yí NOWHERE padà bí ó ṣe wà. Ó jẹ́ kí W ṣáájú H. "Upset" inú olobó yẹn kò ní kí n dojú ọ̀rọ̀ dé, ó ní kí n dà á rú ni. Bí H ṣe bọ́ sí àyè rẹ̀ báyìí, SHANGRI-LA, ibi àlàáfíà inú ìwé ìtàn, jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwé mi ti ya níbi tí mo ti ń fi nǹkan ha bíírò.

Ó ku yín.

Àbúrò Gbogbo Wọn

Ẹ̀gbọ́n, bíírò kẹ̀! Ẹ kú ìgboyà o.

Èmi náà ṣe crossword yìí, màmá mi ló sì bá mi tú ibi tó le jù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fẹ́ rí i sójú. "Desert transport, old books (7)" ni olobó náà. Mo ti wá gbogbo ọkọ̀ tó lè rin orí iyanrìn tán. Mo kà á sókè nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ìwé àtijọ́? Ṣé Májẹ̀mú Láéláé kọ́ nìyẹn?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

OT, Old Testament! Mo fi CAMEL ṣáájú rẹ̀, ó di CAMELOT, ilé ọba Arthur nínú ìtàn àwọn ará Bìrìtéènì. Mo sáré lọ fi hàn wọ́n. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni ràkúnmí ń wá nílé ọba?"

"Ràkúnmí ò sí níbẹ̀, Màmá. Lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni wọ́n lò."

"Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún mi pé ó wà níbẹ̀."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní ẹni tó ṣe é fẹ́ kí n rí aginjù àti ràkúnmí ni, kí n má baà rí ilé ọba. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ń purọ́ fún ẹ, o sì ń yọ̀?" Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì rí èsì ìyẹn fọ̀.

Olófìn-íntótó

Màmá yẹn gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Èmi pàápàá ní ẹjọ́ bá ẹni tó ṣe é rò. Ximenes, orúkọ tí Derrick Macnutt fi ń ṣe crossword nínú ìwé ìròyìn The Observer, ti là á sílẹ̀ pé olobó tó yẹ olobó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tó ṣe rẹ́gí, kó ní eré lẹ́tà tí kò rẹ́ni jẹ, kó má sì ní ohunkóhun mìíràn. Ẹni yìí wá yọ ìtumọ̀ kúrò nínú mẹ́jọ! Wọ́n ní ó kéde rẹ̀ lókè. Ẹni tó kéde pé òun máa gbá ọ létí, ṣé kò gbá ọ ni?

(Ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣàkíyèsí orúkọ àwọn èèyàn yìí. Torquemada ló ṣáájú Ximenes, Azed ló tẹ̀ lé e ní 1972. Torquemada àti Ximenes jẹ́ orúkọ àwọn àlùfáà Sípéènì tó ń ṣèwádìí àwọn tí wọ́n kà sí aládàámọ̀, nígbà tí wọ́n ń fi ìyà jẹ èèyàn kó lè jẹ́wọ́. Ẹ wá ka Azed láti ẹ̀yìn: Deza, ọ̀kan náà lára wọn. Wọn ò fi ara wọn pa mọ́ fún wa.)

Ìrírí tèmi: èmi ni mo máa ń ṣàlàyé ìdáhùn fún àwọn ọ̀rẹ́ tá a jọ ń tú u. Mo dé orí "University: best one answer (6)". U, TOP, I, A. Ìyẹn rọrùn. Àṣejù ló wá bá mi, mo fi kún un pé Utopia túmọ̀ sí "ibi rere" lédè Gíríìkì. Àgbà kan láàárín wa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní, "Ṣé o ti wo àkọlé crossword náà dáadáa?" "Nowhere" ni. Thomas More tó gbé orúkọ náà jáde ní 1516 fi "ou" àti "topos" ṣe é, ibi tí kò sí. Ó mọ̀ pé "eu", tó ń tọ́ka sí rere, dún bákan náà létí, ó sì fi ìyẹn ṣeré. Ìtumọ̀ tí mo ní wọ́n yọ kúrò ti wà lókè látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ fún gbogbo mẹ́jọ. Mo ṣì ní kò yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ti rẹ ohùn sílẹ̀.

Igun Dúdú

Ẹ má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. "Curve, then Aida dancing (7)" fún wa ní ARC pẹ̀lú AIDA tó dàrú, ARCADIA. Arcadia wà! Ní Gíríìsì, téèyàn lè dé. Èmi kọ ọ́, mo pa á, mo tún un kọ, nítorí "Nowhere" tó wà lókè. Àwọn akéwì ló sọ ọ́ di ilé ayọ̀ àwọn darandaran.

Lẹ́tà Márùn-ún

Mo ń rẹ́rìn-ín Màmá láti àárọ̀. Ó ku ọ̀kan tí mo ti kọ sílẹ̀ tí mi ò mọ ìdí ẹ̀. "A vale cut short, working (6)". Mo mọ̀ pé AVALON ni, erékùṣù tí wọ́n gbé ọba Arthur lọ. A nìyẹn, VALE tí wọ́n gé E kúrò nídìí rẹ̀ nìyẹn. ON ńkọ́? Mo ti wá iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ọ́fíìsì, iṣẹ́ ológun.

Àbúrò Gbogbo Wọn

Ẹ̀gbọ́n, iná tó wà lókè orí yín yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Lẹ́tà Márùn-ún

Ó ń ṣiṣẹ́, kí ló

Háà.