Báwo ni mo ṣe lè lu ògiri amọ̀ kí wáyà tẹlifíṣọ̀n lè gba inú rẹ̀ kọjá?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ilé, mo kí yín, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ìmọ̀ràn. Ilé ẹbí wa ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, ni mò ń gbé, ògiri tí díìṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ ògiri amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Bíríkìlà kan ti fi òòlù àti ìṣó ńlá lu irú rẹ̀ fún wa rí, sìmẹ́ǹtì tó ṣí bọ́ sì fẹ̀ tó àwo ìjẹun (inú màmá mi kò tíì rọ̀ títí di òní), ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ lo dírìlì fúnra mi.

Wáyà náà kò nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 7 lọ, ṣùgbọ́n irin ẹnu rẹ̀ sanra jù ú lọ. Ṣé kí n lu ihò mìlímítà 12 ni, àbí kí n lu èyí tó kéré, kí n wá de irin náà lẹ́yìn tí wáyà bá ti kọjá? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ihò náà dagẹ̀rẹ̀ sí ìta nítorí òjò. Ohun tó rú mi lójú jù ni bóyá kí n pa apá tó ń gbá bí òòlù lára dírìlì náà, kí amọ̀ má baà ya, àti bóyá ó yẹ kí n ti páìpù bọ inú ihò náà kí wáyà tó wọ̀ ọ́.