Ọ̀rá kọ́, ìpara kọ́: orúkọ wo ló yẹ ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí ẹja?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Arábìnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé oúnjẹ béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá ohun tí a lè pe irú ọbẹ̀ kíki, tó funfun tàbí tó pọ́n bíi pupa ẹyin, tí àwọn Faransé máa ń dà sórí ẹja, edé àti alákàṣà. Èsì mẹ́ta ló rí gbà:

> “Ọbẹ̀ ìpara.”
> “Ọbẹ̀ ọlọ́ràá ni, kò sí méjì.”
> “Ẹ jẹ́ ká kàn pè é ní sọ́ọ̀sì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Òkèlè ni ọbẹ̀ wà fún.”

Mo fẹ́ fèsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ni mo fẹ́ bá fà á jù, nítorí òun ló jọ òótọ́ jù, òun náà ló sì lè ṣi alásè lọ́nà jù.

Ti ìpara kò gba àkókò. Ohun tí a fi ń pa ara ni ìpara. Ẹni tó bá ka “da ìpara sórí edé” nínú ìwé, ike ìpara tó wà lórí tábìlì yàrá ló máa wá sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, cream, ló ń jẹ́ ìpara àti ti wàrà, Yorùbá kò dà wọ́n pọ̀ rí. Fún ohun tó máa ń léfòó sórí wàrà tútù gan-an, mo fara mọ́ “ọ̀rá wàrà”, nítorí ọ̀rá ló jẹ́ lóòótọ́: ní Faransé, wọn ò gbọdọ̀ pe nǹkan ní crème bí ọ̀rá inú rẹ̀ kò bá tó 30 nínú 100.

Ó ku ọlọ́ràá. Bí a bá ní “ẹran ọlọ́ràá”, gbogbo wa mọ ohun tí à ń sọ: ọ̀rá náà hàn sójú, èèyàn lè fi ọ̀bẹ gé e sọ́tọ̀. Bí a bá sì ní ọbẹ̀ ní ọ̀rá, ọbẹ̀ ẹran màlúù tí a sè lálẹ́ ni mo máa ń rí, tí ọ̀rá rẹ̀ ti dì funfun sójú ìkòkò lówùúrọ̀ ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún wa pé ọ̀rá wà, ó sì wà lọ́tọ̀. Ohun tí àwọn ọbẹ̀ tí à ń wá orúkọ fún yìí kò gbọdọ̀ ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn ká wò ó dáadáa, kí a má baà máa sọ ohun tí a ò tíì mọ̀ lórúkọ. Beurre blanc ni wọ́n ń pè é, ìyẹn bọ́tà funfun. Agbègbè Nantes, níbi odò Loire ní ìwọ̀ oòrùn Faransé, ni ilé rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé obìnrin alásè kan, Clémence Lefeuvre, tó ní ilé oúnjẹ ní Saint-Julien-de-Concelles, ló kọ́kọ́ sè é ní apá ìparí ọ̀rúndún 19. Wọ́n ní ọbẹ̀ béarnaise, tí wọ́n ń fi bọ́tà àti pupa ẹyin sè, ló fẹ́ sè, tí kò sì fi pupa ẹyin sí i. Bó jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ náà dúró. Ẹja odò ni wọ́n ń dà á lé látilẹ̀, brochet àti alose inú Loire, àmọ́ lónìí wọ́n ń bù ú sórí ẹja òkun àti edé pẹ̀lú.

Bí wọ́n ṣe ń sè é rèé. Wọ́n á rẹ́ àlùbọ́sà kéékèèké wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é nínú ọtí kíkan àti wáìnì funfun títí omi rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Wọ́n á wá mú bọ́tà tútù tí wọ́n ti gé sí kéékèèké, wọ́n á máa jù ú sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí iná jẹ́jẹ́, wọ́n á máa lù ú láìdáwọ́ dúró. Bọ́tà yẹn kò ní yọ́ di òróró. Ohun kíki, funfun, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, ló máa dà.

Bọ́tà kì í ṣe ọ̀rá nìkan, ibẹ̀ ni àṣírí wà. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, ọ̀rá tó 80 ó lé díẹ̀, omi lè tó 16, àwọn èròjà ara wàrà ló sì kù. Bí a ti ń lù ú, ọ̀rá ń fọ́ sí ẹ̀kán tó kéré débi tí ojú ò lè rí i, èròjà wàrà ń bo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lára bí aṣọ, omi ọtí kíkan sì gba gbogbo wọn mọ́ra. Bí ooru bá kọjá nǹkan bí 58 lórí ìwọ̀n Celsius, aṣọ yẹn á ya, ọ̀rá á bọ́ jáde. Òróró á wà lókè, omi kíkan á wà nísàlẹ̀, ọbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti hollandaise, ọbẹ̀ bọ́tà mìíràn, kò jìnnà sí i, pupa ẹyin ló ń ṣe iṣẹ́ aṣọ níbẹ̀, omi òroǹbó wẹ́wẹ́ ló sì ń mú un kan.

Ṣé ẹ wá rí ohun tí mò ń bá “ọlọ́ràá” jà fún? Ọ̀rá tó wà nínú ọbẹ̀ tó dára àti èyí tó wà nínú ọbẹ̀ tó bàjẹ́ dọ́gba. Kò sí ẹ̀kán kan tó kúrò nínú ìkòkò. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ló sọ ọbẹ̀ yìí lórúkọ, ọlọ́ràá ni méjèèjì, èyí tó bàjẹ́ ló tilẹ̀ tún yẹ fún orúkọ náà jù, nítorí ojú rẹ̀ ni ọ̀rá ti hàn.

Ọ̀rọ̀ náà sì le fún wa ju fún ará Nantes lọ. Nígbà tí màmá mi ń kọ́ mi bí a ti ń dín ata, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: kí n máa rò ó, kí n má ṣe kánjú, kí n dúró títí epo á fi léfòó. Omi ata ti gbẹ, kíkan rẹ̀ ti lọ, epo ti yọ sójú, ọbẹ̀ ti jinná. Kò sí ilé ìdáná Yorùbá tí wọn ò ti mọ àmì yẹn. Ohun tó jẹ́ ẹ̀rí àṣeyọrí fún wa ló jẹ́ ẹ̀rí àṣìṣe fún ẹni tó ń se beurre blanc. Bí ìwé arábìnrin wa bá wá sọ fún obìnrin kan ní Ìbàdàn pé “ọbẹ̀ ọlọ́ràá” ló fẹ́ sè, tí obìnrin náà sì rí òróró tó léfòó, inú rẹ̀ á dùn, á gbé ìkòkò kalẹ̀, á sì da ohun tó ti bàjẹ́ sórí ẹja olówó ńlá. Orúkọ ló tàn án jẹ.

Nítorí náà, mo ní kí a wá orúkọ náà sínú iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe, kì í ṣe sínú ohun tí ó wà nínú ìkòkò. A ní “pò”: a ń po ògì, a ń po àkàrà kí ó lè wú. Àbá mi ni àpòmọ́ra, ohun tí a pò títí ó fi mọ́ra, èyí tí epo àti omi inú rẹ̀ kò kọ ara wọn mọ́. Ọbẹ̀ àpòmọ́ra ni beurre blanc, òun ni hollandaise, òun náà ni mayonnaise tí kò tilẹ̀ dé orí iná. Mo ti ro “àdàpọ̀” wò. Ó gbòòrò jù, àdàpọ̀ ni iyanrìn àti omi náà ń jẹ́. “Àdàlù” ì bá dára, ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti àgbàdo ti gbà á, n ò sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bí àpòmọ́ra bá wá kọ̀ tí epo rẹ̀ yọ, kí a sọ pé ó tú. Okùn tó di ẹrù ń tú, irun dídì ń tú, kò sí ohun tó ní kí ọbẹ̀ náà má tú. Ohun tí a fi ń lù ú kò sì nílò orúkọ tuntun rárá. Ìjábẹ̀ wà nílé gbogbo ẹni tó ń se ewédú. Bó ti ẹ̀ jẹ́ irin ni ti àwọn Faransé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìjábẹ̀ onírin ni kí a pè é.

Ẹnìkan lè ní nǹkan àjèjì ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àgbọn. Bí a bá rin àgbọn, tí a fi omi gbígbóná pò ó, tí a sì fún un, ohun funfun tó jáde yẹn, àpòmọ́ra ni: òróró àgbọn ni, nínú omi, èròjà ara àgbọn ló ń dì wọ́n mú. (Ẹ jọ̀wọ́, wàrà àgbọn ni ìyẹn. Omi àgbọn ni èyí tó wà nínú èso fúnra rẹ̀. Mo rí i pé àwọn kan ń pe méjèèjì ní omi àgbọn, ìyẹn sì máa ń ba ọbẹ̀ jẹ́.) Nígbà tí a bá fẹ́ àdín àgbọn, a máa ń sè é títí ó fi tú, àdín á yọ sókè, a ó bù ú. Nígbà tí a bá fẹ́ fi se ẹja, a kì í jẹ́ kí ó hó kọjá ààlà. Ìkòkò kan náà ni, iná kan náà ni, ohun tí a ń wá ló yàtọ̀.

Àwọn Àgùdà ní Èkó mọ èyí dáadáa. Frejon tí wọ́n ń sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná pẹ̀lú wàrà àgbọn, ẹja àti ata díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Láti Brazil ni àwọn baba ńlá wọn ti gbé e bọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti ara èdè Potogí wá, láti ara feijão. Ní Bahia lọ́hùn-ún, moqueca wọn ní wàrà àgbọn àti epo pupa, ẹja tàbí edé ló wà nínú rẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ Espírito Santo kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, òróró ólífì àti èso pupa kan tí wọ́n ń pè ní urucum ni wọ́n ń lò, àwọn ará ìpínlẹ̀ méjèèjì sì máa ń bá ara wọn jiyàn lórí èwo ni ojúlówó. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má wá orísun Yorùbá fún moqueca níbí. Kimbundu ti Àǹgólà ni wọ́n ti gbà á. Àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé ni tiwa, “àkàrà jẹ”, vatapá ni wọ́n sì ń kì sí i nínú: edé gbígbẹ, ẹ̀pà, wàrà àgbọn, epo pupa, àti búrẹ́dì tí ó mú un ki.

Vatapá yìí ló jẹ́ kí n rí i pé àpòmọ́ra nìkan kò tó. Búrẹ́dì ló ń mú un ki, kì í ṣe pípò. Béchamel náà, ọbẹ̀ wàrà funfun ti àwọn Faransé, ìyẹ̀fun ló mú un ki. Gbẹ̀gìrì wa, ẹ̀wà ni. Nítorí náà, bí ìwé bá kàn fẹ́ sọ bí ọbẹ̀ ṣe rí lẹ́nu, “ọbẹ̀ kíki tó kúnná” ti tó, kò sí ẹni tí kò ní lóye. Kí a fi àpòmọ́ra sílẹ̀ fún èyí tó jẹ́ pé lílù ló dì í mú, tí iná lè tú.

Ẹni tó ní kí a yá sọ́ọ̀sì, ìdí rẹ̀ ni pé òkèlè ni ọbẹ̀ wà fún. N ò gbà. Ata díndín tí a ń bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja díndín, òkèlè wo ló wà níbẹ̀? Ọbẹ̀ ni a ṣì ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò tó.

Ohun tí mo wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin ará Badagry, Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ tó wà níbí ni èyí: bí wàrà àgbọn bá ṣèèṣì tú mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń fi se ẹja, kí ni àwọn ìyá yín máa ń sọ? Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wà fún un lẹ́nu yín, mo ṣe tán láti ju “tú” tèmi nù.