Irin wo ni kí n fi de scope (awò ìfojúsùn orí ìbọn) kí ọwọ́ mi lè ráyè ki ọta?

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Texas ni mo wà, àgbọ̀nrín ni mò ń dọdẹ. Remington 700 ADL tó ń lo ọta .308 ni ìbọn mi, èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn nísàlẹ̀. Láti òkè nìkan la ti ń ki ọta sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ló ń gbà.

Irin gígùn kan ṣoṣo ni ẹni tó bá mi de scope fi sí i. Irin náà gba orí ojú ihò tí ọta ń bá wọlé kọjá, bẹ́ẹ̀ àtàǹpàkò tèmi kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń yọ́ ọta gbà, èékánná á máa ha irin, ọta á dagun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú tí mo wọ ìbọ̀wọ́, mẹ́ta ni mo ṣà nínú koríko. Àgbọ̀nrín ti bá tiẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí irin méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí àárín ṣí sílẹ̀. Àwọn kan ní ti ẹlẹ́yọ kan ló dúró ṣinṣin jù. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ kankan ní 200 yáàdì?

Òrùka tó di scope mú mọ́ irin náà ńkọ́? 3-9x40 ni scope náà (ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó 40 mm). Bí òrùka bá ga, ọwọ́ á ráyè, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò ní fara ti ìdí ìbọn dáadáa. Bó bá sì kéré jù, ọwọ́ bolt (irin tí à ń fà sẹ́yìn láti ṣí ìbọn) lè máa kan scope. Ẹni tó bá ti lo méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ fi sílẹ̀ sórí ìbọn yín?