Èsì: "ọjọ́-orí ara" àti "ogbó ọkàn" kò bá èdè wa mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o.

Mo ka àbá arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlera. Ó ní bí ara èèyàn ti rí, yàtọ̀ sí iye ọdún tó ti lò láyé, kí a máa pè é ní "ọjọ́-orí ara". Bí ẹni náà sì ti rí ara rẹ̀ sí, kí a máa pè é ní "ogbó ọkàn". Mo sì ka èsì tí ẹ̀yin yòókù fún un. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Kíkà là ń ka ọjọ́ orí. Bí ọkùnrin méjì bá jẹ́ ẹni ogójì ọdún, ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ó parí. Ohun tí àwọn onímọ̀ wá ń sọ ni pé ara wọn lè má dọ́gba. Ní 2013, Sheldon Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon, ní Pittsburgh nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí imú èèyàn 152 tí ara wọn le, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 55. Wọ́n ti kọ́kọ́ wọn tẹ́lómíà wọn, ìyẹn ìdérí ṣóńṣó kírómósóòmù (okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì), tó ń kúrú bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń pín. Àwọn tí tiwọn kúrú ni kòkòrò náà ràn jù. Tí a bá wá pe èyí ní ọjọ́ orí, a ti bo ohun tí ìwádìí náà rí mọ́lẹ̀.

Gbó ni ọ̀rọ̀ náà! Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ mi, a lè hun aṣọ òfì méjì parí lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan gbó kí èkejì má gbó. Ìyá bàbá mi kì í dárúkọ ọjọ́ orí bí ibà bá mú wọn. "Ara mi ti gbó" ni wọ́n máa ń wí. Èdè àwọn àgbà yẹn péye ju tiwa lọ, ó sì ń dùn mí pé a ń fi í sílẹ̀ lọ wá àkànpọ̀ kiri.

Nítorí náà, "ogbó ara" ni kí a máa pè é. Ẹni tó ní kí a kọ "ìgbó ara" kò ṣẹ̀ sí gírámà, ṣùgbọ́n tí oníròyìn bá yọ àmì ohùn sílẹ̀, igbó ló kù. Arábìnrin wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní àdúrà ni ogbó, kí a má fi àrùn bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, "gbó, kí o tọ́" ni àdúrà náà, kì í ṣe gbó nìkan. Ara sì ti ń gbó kí a tó pe èèyàn ní àgbà: ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn egungun àyà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara kan ti ń gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wọn, láti ìgbà èwe ló ti ń sún kì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní "ara gbó" ló di "arúgbó", mo dọ̀bálẹ̀ fún ipò yín, sà. Ṣùgbọ́n níbo ni rú ti rí ohùn òkè? Níbo sì ni u ti wá? Ẹ kò tíì dáhùn.

Ti "ogbó ọkàn" ló burú jù. Dókítà tó bá kà á, ọkàn tó ń lù láyà ni yóò rò. Ìwádìí 1991 tí arákùnrin wa fi gbè é lẹ́yìn, tí wọ́n ṣe fún èèyàn 394 ní Salisbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdààmú ló wọ̀n: bí ìdààmú ti pọ̀ tó ni ọ̀fìnkìn ń ràn wọ́n tó, kódà nígbà tí wọ́n ti yọ ti ọjọ́ orí kúrò nínú ìṣirò. Ìdààmú kì í ṣe ogbó. Ẹni tó ní "ogbó iyè" náà, iyè tó ń ra ni gbogbo ayé yóò gbọ́. "Ọjọ́ orí lójú ara ẹni" ni mo fara mọ́, torí ẹni náà ló ń ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ku "ìfarakóràn", tí arákùnrin wa fi pe bí àrùn ti tètè ń ran èèyàn tó. Ta ló fi ara kó o? Mófíìmù "fi" yẹn, ìyẹn ẹyọ tó ní ìtumọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ń di ẹ̀bi ru aláìsàn. Kí arákùnrin wa kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná.