Sọ́fítíwìà wo ni mo lè fi wo ìhùwàsí ínfátà onítíránsísítọ̀ kan?

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, mo sì ń wá sọ́fítíwìà tí mo lè fi dán ínfátà onítíránsísítọ̀ kan (sákíìtì kékeré tó ń sọ fóltì gíga di kékeré, tó sì ń sọ kékeré di gíga, kì í ṣe ínfátà iná ilé) wò kí n tó to ẹ̀yà rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù. Tíránsísítọ̀ 2N3904 kan ni mo fẹ́ lò, pẹ̀lú rẹsítọ̀ 10 kΩ níwájú béèsì (ẹsẹ̀ tí àwọlé ń gbà wọ inú rẹ̀) àti 1 kΩ láti kọ̀lẹ́kítọ̀ (ẹsẹ̀ tí a ti ń mú àbájáde) dé iná 5 V. Mo fẹ́ rí bí fóltì àbájáde ṣe ń wálẹ̀ bí ti àwọlé ṣe ń gòkè, àti bí ó ṣe ń pẹ́ tó kó tó yí padà. Kọ̀ǹpútà mi kò lágbára, iná kì í sì í dúró ládùúgbò wa.

Ẹ̀gbọ́n Tákíé: Àbúrò, LTspice ti iléeṣẹ́ Analog Devices ni mo fọwọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi bírò ṣírò rẹ̀. Bí àwọlé bá jẹ́ 5 V, béèsì yóò mú nǹkan bí 0.7 V, 4.3 V tó kù yóò wà lórí 10 kΩ, ìyẹn 0.43 mA. Kọ̀lẹ́kítọ̀ kò sì lè gbà ju 5 mA lọ nítorí 1 kΩ náà, nítorí náà tíránsísítọ̀ tó bá lè sọ ìṣàn béèsì di ìlọ́po 12 péré ti tó, 2N3904 sì ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn èyí, kọ `.dc Vin 0 5 0.01` (kí àwọlé máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 0 dé 5 V), wàá rí i pé àbájáde kò kúrò ní 5 V títí àwọlé fi súnmọ́ 0.6 V, lẹ́yìn náà ni yóò já wálẹ̀ kíákíá.

Ìyá Ìbejì, Àdénìkẹ́: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọmọ mi, má ṣe fi tíránsísítọ̀ lásán tí LTspice ń pè ní NPN sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní kapásítánsì (agbára láti gba ẹrù iná pamọ́) kankan nínú, yóò sì máa yí padà lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé kò sí ìdádúró rárá. Tẹ ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, kí o yan 2N3904. Fún àwọlé, lo `PULSE(0 5 0 5n 5n 5u 10u)` (kí ó máa fò láàárín 0 àti 5 V) pẹ̀lú `.tran 30u` (láti wò ó fún máíkírósẹ́kọ́ǹdù 30). Ìgbà tí àwọlé bá padà sí 0 ni ìdádúró náà máa hàn jù, torí pé áfi kí ẹrù iná tó kún inú béèsì kọ́kọ́ ṣàn jáde. Dáyóòdù Schottky láti béèsì sí kọ̀lẹ́kítọ̀ ló máa ń dín in kù, ọgbọ́n kan náà ló wà nínú àwọn áìsì (ṣíìpù) 74LS. Dán an wò lójú ara rẹ, ó dùn ún wò gan-an.

Onímọ̀ Ìṣàlẹ̀: Nítorí ọ̀rọ̀ iná àti kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ngspice. Ọmọ SPICE, sọ́fítíwìà tó ń ṣàfarawé sákíìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 1973 ni, ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú fáìlì kan ló sì ń kà, kò di dandan kí o ya àwòrán. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò wá mọ́dẹ́ẹ̀lì 2N3904 fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Bí mo bá fẹ́ fi ẹrù 1 MΩ sí àbájáde ńkọ́, ṣé 1M ni mo máa kọ?

Ẹ̀gbọ́n Tákíé: Rárá o. Mílì ni M jẹ́ nínú SPICE, nítorí náà 1M yóò di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti 1 Ω, àbájáde rẹ yóò sì dà bí ohun tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀. `1Meg` ni kí o kọ.