‘Ìfọjú’ kọ́ ni orúkọ iṣẹ́ tí a ń ṣe sí fọ́nrán igi

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín.

Ọ̀rẹ́ wa kan dá a lábàá pé kí a máa pe iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń ṣe sí ojú fọ́nrán igi, kí wọ́n tó pò ó mọ́ ike, ní ‘ìfọjú’. Bí atẹ̀wé bá ṣèèṣì fi àmì òkè lé ọ náà lórí, fọ́nrán di afọ́jú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà gan-an ló bí mi nínú ju àmì lọ.

Ẹ̀rí tí ó gbé kalẹ̀ ni sóódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ, tí ó ní ó ń fọ ìdọ̀tí kúrò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún èèpo ewédú tí àwọn ará Bangladesh fi ń ṣe okùn. Igi tí a ti sè nínú sóódà àti sodium sulfide kí fọ́nrán rẹ̀ lè tú sílẹ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú lignin rẹ̀, ohun tó lẹ fọ́nrán pọ̀ nínú igi, ti jáde, kí ló kù tí a fẹ́ fọ̀? Sẹ́lúlóòsì, ohun tí ara fọ́nrán fúnra rẹ̀ jẹ́, ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù, hydroxyl (oxygen kan tó so mọ́ hydrogen kan) sì kún ojú rẹ̀. Hydroxyl yìí ló ń fa omi mọ́ra, òun náà ni kì í jẹ́ kí ike bíi polypropylene, tí kò bá omi rẹ́, lẹ̀ mọ́ fọ́nrán dáadáa. Bí a bá fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní acetic anhydride sí i, acetyl, apá kan lára kẹ́míkà náà, á gba ipò hydrogen tó wà lórí hydroxyl, acetic acid á sì jáde. Acid yìí ni a máa ń fọ̀ dànù. Fífọ̀ dé nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Ti kẹ́míkà mìíràn, maleic anhydride tí a so mọ́ polypropylene, tún yàtọ̀: apá kan rẹ̀ á di fọ́nrán mú, apá kejì á wọ inú ike. Níbo ni fífọ̀ wà nínú ìyẹn?

Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì wo ìṣe rẹ̀ fínnífínní kí wọ́n tó la ẹnu. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ‘ìpajúdà’: bí pa ara dà ti di ìparadà, ojú fọ́nrán ni a ń pa dà níhìn-ín, agbára inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́. (Iṣẹ́ acetyl tí wọ́n ti ń ṣe lórí odindi pákó ní Madison, ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1940, wọ inú igi lọ; kò gba orúkọ yìí.) ‘Ìyípadà’ tí ẹlòmíràn mú wá gbòòrò jù, igi tó jóná di eérú náà yí padà.

Ẹnìkan á ní ‘ìpojúdà’ ló yẹ, torí pé pa ẹja di pẹja. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n pa iná kò di piná. Kí onípojú kọ́kọ́ ṣàlàyé panápaná fún mi, kó má sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é nílé bàbá òun, nítorí àwọn ará ilé bàbá tèmi náà ní ẹnu.